Aya Awakọ̀ Fẹ́ Lọ Wo Omi Àpáta

Yàrá tí Ìyá Ìbejì ti ń rán kọ́tìnì kò tóbi, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ máa ń kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Fèrèsé méjì ló wà níbẹ̀, kò sì sí kọ́tìnì kankan lójú èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn oníbàárà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà: ó ní òun ń rí aṣọ láti òwúrọ̀ dalẹ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun náà rí ìta díẹ̀. Abẹ́ fèrèsé kan ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, abẹ́ èkejì ni tábìlì gígùn tó ti ń gé aṣọ. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ọkàn rẹ̀ a gbéra ìrìnàjò, á sì pẹ́ kó tó padà sílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aṣọ funfun kan tó fẹ́lẹ́ bí èémí wà lórí tábìlì náà. Ó gùn débi pé ó ń yọ̀ kúrò lórí tábìlì, ó ń dà wálẹ̀, ó ń ká jọ sórí ilẹ̀ ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po. Atẹ́gùn wọlé, aṣọ náà mì lẹ̀ǹgbẹ̀. Ìyá Ìbejì gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó ń wò ó. Ó ṣe díẹ̀ kó tó mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ lòun ń wò mọ́. Omi àpáta lòun ń wò.

Omi àpáta ni omi ńlá tó ń já láti orí òkè bọ́ sínú ọ̀gbun, tí àwọn èèyàn ń ti òkè òkun wá wò. Wọ́n ní ìrì rẹ̀ á ti rin aṣọ ẹni gbindin kí ojú tó kàn án. Ìyá Ìbejì kò dé ibẹ̀ rí. Kò sì kúkú jìnnà: ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ á ti débẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà ta kókó ni pé ọkọ rẹ̀ gan-an ló ń wa bọ́ọ̀sì ọ̀hún.

Ní ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó, ibi omi yìí ni wọ́n ti fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ti di báàgì. Ìyàwó ti rán aṣọ búlúù kan tí yóò wọ̀ dúró níwájú omi. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbéra ni ìyá rẹ̀ yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Báàgì tó yẹ kó lọ síbi omi ló bá wọn dé ọsibítù. Orí bẹ́ǹṣì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù náà ni tọkọtaya tuntun ti lo ọ̀sẹ̀ wọn, tí wọ́n ń pín búrẹ́dì jẹ, tí wọ́n ń fi èjìká ara wọn ṣe ìrọ̀rí. Ọkọ ní kó fọkàn balẹ̀, omi ò ní sá lọ. Ìyàwó ní iṣẹ́ tí omi mọ̀ ọ́n ṣe kúkú ni kó máa sá lọ. Ọkọ rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, ó ní ó dáa, àpáta ò ní sá lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní kí wọ́n rọra.

Ara ìyá rẹ̀ yá. Lẹ́yìn náà oyún dé, oyún di ìbejì, ẹni tó bá sì ti tọ́ ìbejì rí kò ní bèèrè ibi tí ọ̀rọ̀ omi gbà. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Àwọn àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ti àwọn méjì yìí ti lé mẹ́wàá lórí ogún. Àwọn ìbejì ti dàgbà, wọ́n ti kó lọ sí ìlú mìíràn, ilé sì ti dákẹ́ débi pé èèyàn ń gbọ́ tí omi ń hó nínú kẹ́tù láti yàrá ìránṣọ.

Ìgbà tí àwọn ọmọ wà níléèwé girama ni Bàbá Ìbejì kúrò lórí bọ́ọ̀sì ìgboro, tó bọ́ sórí ti àwọn àlejò tó ń lọ wo omi àpáta. Inú Ìyá Ìbejì dùn síṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ohun kan ń gún un láyà bí abẹ́rẹ́ tí aránṣọ gbàgbé sínú aṣọ. Ó dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ ra ohun dídùn kan pa mọ́, tí ẹnì kan wá ń yọ́ ọ jẹ. Kò sọ ọ́ jáde rí. Bí ọkọ rẹ̀ bá tibi iṣẹ́ dé, ó lè bi í pé báwo ni omi. Ọkọ á ní, "Omi ni. Ó ń dà." Ó parí. Ìyàwó gbà pé ó ti wò ó títí, ó ti sú u. Nítorí náà, kò bi í mọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án tí aṣọ funfun yẹn ń dà wálẹ̀ lórí tábìlì, nǹkan kan sọ fún un pé ọdún yìí ni. Ayẹyẹ ọgbọ̀n ọdún ìgbéyàwó wọn ń bọ̀. Ó pe àbúrò rẹ̀ obìnrin lórí fóònù, èyí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní òun fẹ́ gba yàrá sí ilé àlejò tó wà létí omi náà, kí òun àti ọkọ òun lọ sinmi níbẹ̀. Àbúrò gbọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ta ní ń mú alápatà lọ wo ẹran ṣe fàájì?"

Ó ní kí wọ́n lọ sétí òkun, kí ọkọ rí nǹkan mìíràn wò. Ìyá Ìbejì ní òótọ́ ni, ó ti fóònù pa. Ó wá jókòó, kò rán nǹkan kan. Òkun dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlá òkun ni ó ti ń lá láti ìgbà èwe. Omi tó ń já wálẹ̀ ni, tó ń dún bí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ń sọ láìmí. Nígbà mìíràn, tó bá ń sùn lọ, ó máa ń rí ara rẹ̀ nínú aṣọ búlúù níwájú omi náà, omi a sì máa já láìdún, bí òwú tó ń tú lórí kẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ bàtà, ó gba ọgbà bọ́ọ̀sì lọ. Ó fẹ́ tọrọ ìsinmi fún ọkọ rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀, bóyá òkun ni o, bóyá omi àpáta ni, yóò mọ èyí tí yóò mú tó bá yá. Ọgbà náà fẹ̀, òórùn epo gba gbogbo rẹ̀, wọ́n ń fọ bọ́ọ̀sì kan lápá kan, omi ọṣẹ ń ṣàn kọjá lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bó ti ń wá ọ́fíìsì ọ̀gá tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn awakọ̀, mẹkáníìkì kan yọrí lábẹ́ ọkọ̀, ó wò ó lójú.

"Ẹ káàsán mà. Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni ìyàwó Má-wo-omi?"

Ìyá Ìbejì ní rárá, kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì ní òun rí fọ́tò rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, lókè ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, òun ò lè ṣi ojú yìí mọ̀ láé. Ọ̀gá náà, obìnrin kan, ti gbọ́ ohùn wọn, ó jáde wá, ó mú un wọ ọ́fíìsì, ó sì fún un ní àga. Ibẹ̀ ni Ìyá Ìbejì ti gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí.

Ọ̀gá ní gbogbo awakọ̀ ló máa ń tẹ̀ lé àlejò sọ̀kalẹ̀ lọ wo omi, ó kéré tán lọ́dún àkọ́kọ́. Ti Bàbá Ìbejì yàtọ̀. Bó bá ti já èrò sílẹ̀, á gbọ́kọ̀ sábẹ́ igi kan, á kọ iwájú ọkọ̀ sí títì, á kẹ̀yìn sí omi. Á jẹ búrẹ́dì rẹ̀, á nu gíláàsì, á dúró. Wọ́n ti fà á, wọ́n ti tì í, kò lọ. Wọ́n rò pé omi ń bà á lẹ́rù ni. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá náà fẹjú mọ́ ọn, ó ní òun ń dúró de ẹnì kan. Kò sọ ẹni náà. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Má-wo-omi, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà láìjanpata.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín tán, ó rí i pé àlejò òun kò bá òun rẹ́rìn-ín. Ó gbé omi fún un. Ó bi í iye ọjọ́ ìsinmi tó ń fẹ́. Ìyá Ìbejì sọ ọ́, ọ̀gá sì ní kó gbà á láfikún, kó má wulẹ̀ dúpẹ́.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé. Bọ́ọ̀sì kọjá, kò wọ̀ ọ́. Gbogbo títì ló dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi fọ̀. Ó ń rántí bàtà ọkọ rẹ̀. Gbogbo àlejò ló ń ti ibi omi náà bọ̀ pẹ̀lú bàtà tútù, ọkọ rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ó ní omi ẹsẹ̀ wọn kì í gbẹ nínú bọ́ọ̀sì. Òun tó sì ń kó bàtà ọkọ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà lójoojúmọ́, kò bi ara rẹ̀ léèrè rí ìdí tí tirẹ̀ fi gbẹ. Ojú tì í, ayọ̀ sì ń bẹ nínú ìtìjú náà, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ dá lóhùn.

Bàbá Ìbejì dé nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń tẹrí ba wọ ẹnu ọ̀nà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà náà ga jù ú lọ. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, ìyàwó sì bu tíì fún un.

"Bàbá Ìbejì, mo débi iṣẹ́ yín lánàá."

Lónìí ni, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nílé. Ọkọ gbé ife dúró lágbedeméjì.

"Wọ́n ní Má-wo-omi lorúkọ yín níbẹ̀."

"Àwọn yẹn ò níṣẹ́ ni."

"Ta lẹ ń dúró dè?"

Ó gbé ife kalẹ̀. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí ẹni tó ń wá ibi tí ọwọ́ ife wà.

"Ta ló tún kù, bí kò ṣe ìwọ?"

Ìyá Ìbejì ní kí ló dé tí kò fi sọ, pé láti ọdún wọ̀nyí wá òun rò pé omi náà ti sú u. Ọkọ ní òun rò pé òun nìkan ló rántí. Ó ní ìyàwó òun ò dárúkọ rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ò fẹ́ dà á láàmú. Òun mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó yá.

"O ò tiẹ̀ yọjú wò ó rí? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo?"

Láti ìgbà tí àwọn ìbejì ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ ló ti ń sọ "ẹ" fún ọkọ rẹ̀, kí àwọn ọmọ má baà gbọ́ "o" lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n máa sọ ọ́ fún bàbá wọn. "O" yìí já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọkọ gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì jọ ọ̀dọ́mọkùnrin orí bẹ́ǹṣì ọsibítù.

"Báwo ni mo ṣe máa wò ó nígbà tí o ò sí níbẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà, inú ilé yí padà. Bàbá Ìbejì a ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, á máa sọ nípa ọ̀nà. Ó sọ ti kọ́nà tí gbogbo ọmọdé ti máa ń sùn, ó sọ ti afárá tí ohùn omi ti máa ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, téèyàn á rò pé ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ ní ìṣòro. Ó mọ gbogbo rẹ̀ dé géètì. Ibi géètì ni ìtàn rẹ̀ ti ń dúró, ìyàwó á sì gbà á níbẹ̀, á máa fi ọkàn sọ èyí tó kù: àtẹ̀gùn, ewé tútù, òṣùmàrè. Ó rán aṣọ búlúù mìíràn, torí èyí àtijọ́ kò gba èjìká rẹ̀ mọ́. Àwọn ìbejì pè, wọ́n ní ṣé ìyá àti bàbá àwọn fẹ́ máa ṣe bí ọmọdé ni. Àbúrò nọ́ọ̀sì náà pè, ó ní òun kó ọ̀rọ̀ alápatà jẹ.

Ọjọ́ pé. Awakọ̀ mìíràn ló gbé wọn, ọ̀dọ́bìnrin kan tí Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Ìyá Ìbejì kò rí ọkọ rẹ̀ nínú ìjókòó èrò rí, ó sì rí i lọ́jọ́ náà pé kì í ṣe ibi tó yẹ ẹ́. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀sì bá dé kọ́nà ni ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Ìyàwó gbé ọwọ́ lé e lórúnkún. Ẹsẹ̀ náà dákẹ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé afárá, ọkọ yíjú sí i pé kó tẹ́tí. Lóòótọ́, ohùn kan ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó jinlẹ̀, ó ń gun ẹsẹ̀ èèyàn bọ̀ láti ilẹ̀ ọkọ̀.

Ọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní géètì rí Bàbá Ìbejì, ó bi í pé kí ló gbàgbé. Ó ní òun ò gbàgbé nǹkan kan, òun fẹ́ wọlé ni. Ọkùnrin náà wo Ìyá Ìbejì láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo aṣọ búlúù, ó sì ṣí ọ̀nà fún wọn láìtún sọ̀rọ̀.

Bí wọ́n ti kọjá géètì báyìí, Bàbá Ìbejì dúró. Òun tó mọ ọ̀nà bí ẹní mọ ilà ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò yà sí. Ìyàwó fà á lọ́wọ́. Àtẹ̀gùn òkúta ni, ó tutù, ó ń yọ̀. Kùrukùru ti bo gbogbo àfonífojì náà bámúbámú lọ́jọ́ yẹn, funfun lókè, funfun nísàlẹ̀, àwọn èèyàn ń yọ láti inú rẹ̀ bí ẹni tó ń jí lójú oorun. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ dé ibi bẹ́ǹṣì kan, wọ́n jókòó. Ohùn omi yí wọn ká, ṣùgbọ́n omi kò sí lójú.

Bí wọ́n ti ń dúró, ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní láti ẹnu àwọn èrò òun ni òun ti ń mọ omi náà. Ọmọbìnrin kékeré kan sọ fún òun pé ọ̀run ló ń jò. Ìyá arúgbó kan jókòó, kò sọ nǹkan kan títí wọ́n fi délé, ó wá di ọwọ́ òun mú nígbà tó ń bọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin kan ní òun ti rí èyí tó jù ú lọ. Gbogbo rẹ̀ lòun kó jọ. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun díẹ̀ báyìí, nítorí èyí tó wà lọ́kàn òun ti tóbi jù, bóyá ni ti ojú yóò lè bá a. Ìyàwó ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó dá a lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun náà.

Kùrukùru là díẹ̀ lápá òsì. Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Omi kan yọ lára àpáta, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà, ó ń sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún. Wọ́n wò ó títí.

"Ó mọ́," ni Bàbá Ìbejì wí.

"Ó mọ́ gan-an," ni ìyàwó dáhùn.

Ìyá Ìbejì wo ọkọ rẹ̀, ó rí i pé ó ń ṣe ojú àánú bí ẹni tó lọ kí ọmọ tuntun tí kò lẹ́wà. Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣeé gbé mì. Ọkọ náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n di ara wọn mú lórí bẹ́ǹṣì náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Àgbàlagbà kan tó ń gbá ewé kúrò lórí àtẹ̀gùn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó fi ìgbálẹ̀ nà sí omi tẹ́ẹ́rẹ́ náà.

"Ẹ má bínú o, ìyẹn kọ́. Ọmọ ẹ̀ nìyẹn. Ẹ ní sùúrù, ìyá ẹ̀ ń bọ̀."

Kò tíì rìn jìnnà tí atẹ́gùn dé láti ìsàlẹ̀. Kùrukùru ká sókè, bí ẹni pé ẹnì kan di etí rẹ̀ mú, ó ń ká a jẹ́jẹ́. Ìyá náà sì dé lóòótọ́. Àpáta tí wọ́n rò pé ó parí kò parí, ó ń lọ sókè síbẹ̀, láti orí rẹ̀ ni omi ti ń gbé ara rẹ̀ sílẹ̀, kì í kánjú, ó funfun, ó fẹ̀ ju títì ìlú lọ, ó ń já, ó ń já, ó sì dà bí ẹni pé ibì kan náà ló dúró sí. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà wọn. Ìrì rẹ̀ bà lé wọn lójú, lọ́rùn, lórí aṣọ búlúù tuntun. Bàbá Ìbejì ṣí fìlà. Ẹnu rẹ̀ ń mì, bóyá ó ń sọ̀rọ̀, bóyá kò sọ̀rọ̀, omi ti gba gbogbo ohùn. Ìyá Ìbejì wo omi, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó tún wo omi. Lẹ́yìn náà ó fi omi sílẹ̀, ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò, nítorí gbogbo ohun tó wá wò ló wà níbẹ̀, ó sì ń tàn.

Wọn kò mọ ìgbà tí àwọn àlejò yòókù padà sókè. Nígbà tí wọ́n dé yàrá ní ilé àlejò, omi ti rin bàtà àwọn méjèèjì gbindin. Wọ́n bọ́ wọn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jẹ búrẹ́dì àti ẹyin, wọ́n sì sùn bí ọmọ ọwọ́.

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ jí láàárọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú kọ́tìnì wọlé, omi ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó lọ fà á, kó lè rí ìta. Ojú rẹ̀ bọ́ sí ìṣẹ́tí kọ́tìnì náà: ó ti tú lápá kan, ẹni tó rán an kò so òwú rẹ̀ dáadáa. Ó ní òun ò ní wò ó. Ó wo omi díẹ̀. Ó padà wo ìṣẹ́tí. Níkẹyìn, ó yọ abẹ́rẹ́ àti òwú nínú báàgì, ó fa àga sídìí fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an, omi ńlá ń já lápá ọ̀tún rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ la ojú kan lórí ibùsùn, ó ní ṣé iṣẹ́ ló wá ṣe níbí.

"Sùn, jọ̀ọ́," ni ìyàwó wí. "Ó kù díẹ̀."

Kò sùn. Ó dìde, ó fa àga kejì wá, ó di etí aṣọ mú fún un kó má baà máa yọ̀, ó sì yíjú sí ìta.